DTF ni, screen ni, àbí monogram? Kí ẹ tó tẹ orúkọ sára aṣọ ẹgbẹ́ yín

Bí mo ṣe sọ ọ́ la ṣe kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo ti wúkọ́ nìkan la yọ.

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé sórí WhatsApp wa láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Ẹnì kan fẹ́ ṣe aṣọ fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Òmíràn fẹ́ ṣe fìlà fún àwọn ọmọ ìdílé tó ń bọ̀ wálé wá wo Ovia-Osese. Ẹlòmíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta sóbò inú ike, ó fẹ́ kí orúkọ ọjà òun wà lára aṣọ àwọn tó ń bá òun tà á. Gbogbo wọn ló ń béèrè pé: "Èwo ló dáa jù, DTF, screen, àbí monogram?"

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun ní Kabba níbí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí mo ṣe máa dá oníbàárà tó jókòó síwájú mi lóhùn. Èmi náà á kọ́kọ́ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Irú aṣọ wo ni ẹ fẹ́ tẹ nǹkan sí? Mélòó ni? Kí ló sì máa gbẹ̀yìn aṣọ náà? Ìkẹta yẹn ni àwọn èèyàn kì í retí. Mo máa dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ aṣọ. Nínú àwọn tíṣáàtì tí wọ́n ń tà lọ́jà, kọ́tìnì ni àwọn kan, polyester ni àwọn kan, àdàlú méjèèjì sì ni àwọn tó kù. Ẹni tó ń tà á lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kọ́tìnì pọ́ńbélé ni, kí òun fúnra rẹ̀ má sì mọ̀. Ẹ yọ òwú kan níbi tí wọ́n ti ká etí aṣọ náà sókè, ẹ ṣáná sí i. Kọ́tìnì máa jó bí ìwé, òórùn ìwé tó ń jó ló máa rùn, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́ lọ́wọ́. Polyester kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Yíyọ́ ló máa yọ́, á sún kì, á wá dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré tó le. Àdàlú á ṣe díẹ̀ nínú méjèèjì. Níta ni kí ẹ ti ṣe é o, lórí àwo, kí ẹ má lọ sun ilé onílé.

Kí nìdí tí mo fi ní kí ẹ ṣe gbogbo wàhálà yìí? Ẹ wo sublimation. Wọ́n á fi íǹkì kan tẹ àwòrán sórí bébà, wọ́n á gbé bébà náà lé aṣọ, wọ́n á wá fi heat press tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 200°C fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ooru yẹn máa sọ íǹkì náà di afẹ́fẹ́, á wọ inú polyester lọ, á sì di ara rẹ̀. Bí ẹ bá fọwọ́ pa á, ẹ ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Kì í bó, kì í sán. Ṣùgbọ́n kọ́tìnì ò lè gbà á mọ́ra. Ẹ fọ̀ ọ́ díẹ̀, ó ti ṣá. Kò sì ní íǹkì funfun, torí náà aṣọ funfun tàbí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló yẹ ẹ́. Òun náà ni wọ́n máa ń fi tẹ àwòrán sára kọ́ọ̀pù ìrántí. Wọ́n ti fi nǹkan bí ọ̀rá bo ara irú kọ́ọ̀pù bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ kó lè gbà á. Kọ́ọ̀pù tí ẹ kàn rà ní ìsọ̀ alábọ́ ò ní gbà á, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín.

Screen printing ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn. Férémù kan ni, tí wọ́n na aṣọ tó rí bí asẹ́ sí. Wọ́n á dí ojú asẹ́ náà pátá àfi ibi tí àwòrán wà, wọ́n á gbé e lé tíṣáàtì, wọ́n á da íǹkì sí i, wọ́n á fi rọ́bà fà á kọjá. Ó parí. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ò ní rí èyí bí nǹkan àjèjì. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin máa ń gé ọnà sára páànù, wọ́n á gbé páànù náà lé aṣọ, wọ́n á wá fa ẹ̀kọ kọjá lórí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní mú un. Ọ̀kan náà ni ọgbọ́n yẹn àti ti screen. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹ̀kọ ń dènà àwọ̀, íǹkì sì ni àwọ̀ fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé Instagram ló kọ́ wa ní aṣọ ìrántí. Ní 1935, nígbà tí King George V ti ìlú Ọba pé ọdún 25 lórí oyè, àwọn aládìrẹ gbé àwòrán ọba àti ayaba sára aṣọ. Olóba ni wọ́n ń pe irú àdìrẹ yẹn, ayẹyẹ náà sì parí tipẹ́tipẹ́ kí wọ́n tó dẹ́kun ṣíṣe é.

Ibi tí screen ti ń mú èèyàn ni owó ìbẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ kan, férémù kan. Ẹ jẹ́ ká ní férémù kan jẹ́ ₦8,000. Àpẹẹrẹ lásán ni o, ẹ mọ̀ pé ọjà ò dúró sójú kan. Bí àwọ̀ mẹ́ta bá wà nínú àmì ẹgbẹ́ yín, ₦24,000 ti lọ kí wọ́n tó tẹ ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ aṣọ 10 lẹ fẹ́, ₦2,400 ti gun orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ 200, ₦120 péré ni. Torí náà, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú tó fẹ́ aṣọ 200, àwọ̀ kan tàbí méjì, ẹ má wulẹ̀ wo ibòmíràn. Ẹni tó fẹ́ mẹ́jọ fún ọjọ́ ìbí, ẹ jìnnà sí i.

Nǹkan méjì péré ni mo fẹ́ fi kún un. Àkọ́kọ́, íǹkì tí wọ́n ń pè ní plastisol kì í gbẹ nínú oòrùn, ó gbọ́dọ̀ gbóná tó nǹkan bí 160°C kó tó jinná. Bí wọ́n bá gbé aṣọ fún yín, ẹ na ibi tí wọ́n tẹ̀ díẹ̀. Bó bá sán lójú ẹsẹ̀, kò jinná nìyẹn. Ẹ dá a padà. Èkejì, ẹ ṣọ́ra fún polyester pupa. Ooru tó ń mú íǹkì jinná yẹn náà ló ń jí aró tó wà nínú aṣọ dìde. Ẹ máa tẹ funfun sórí pupa lónìí, lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ẹ máa rí i tó ti di píńkì. Mo ti rí àmì ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tó di píńkì báyìí, àwọn ọmọ náà ò dẹ́kun fífi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ atẹ̀wé yín bóyá ó ní íǹkì tí kò nílò ooru púpọ̀. Bó bá wò yín láìmọ ohun tí ẹ ń sọ, ẹ yí àwọ̀ aṣọ padà.

Ó wá ku DTF, èyí tí gbogbo yín ń pariwo. Wọ́n á tẹ àwòrán sórí ọ̀rá, wọ́n á fi íǹkì funfun tẹ́ ẹ lẹ́yìn, wọ́n á bu lẹ́ẹ̀dà tó jẹ́ gọ́ọ̀mù sí i, wọ́n á yọ́ gọ́ọ̀mù náà. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ fi heat press tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ ní nǹkan bí 150°C sí 160°C, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15, ẹ ṣí ọ̀rá náà kúrò. Ó gba kọ́tìnì, ó gba polyester, ó gba dúdú, ó gba funfun. Àwọ̀ mẹ́wàá àti àwọ̀ kan, iye kan náà ni, ẹyọ kan sì ṣeé ṣe.

Fún àwa tí a wà ní Kabba, ìyẹn ló jẹ́ kí DTF dà bí ìdáhùn àdúrà. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ ńlá. Wọ́n á tẹ ọ̀rá náà fún yín ní Ṣómólú l'Ékòó, níbi tí àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí bí erùpẹ̀, wọ́n á ká a bí ẹní, wọ́n á fi wéébíìlì ránṣẹ́ láti páàkì, ẹ̀yin á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ aṣọ níbí. Ọgbọ́n tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé ìwọ̀n ọ̀rá lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe iye àwòrán. Ẹ fún àmì ńlá, àmì kékeré àti orúkọ mọ́ ara wọn lórí ọ̀rá kan ṣoṣo, kí àyè kankan má ṣòfò. Àmọ́ heat press ń jẹ iná o. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour" yẹn ò lè gbé e. Ẹ ṣírò iná mọ́ iye owó yín kí ẹ tó dá iye lé oníbàárà.

Èmi ò kí í fi DTF ṣe gbogbo nǹkan ṣá. Orí aṣọ ló ń jókòó sí, kì í wọ inú rẹ̀. Àwòrán tó bo gbogbo àyà, tí kò sí àlàfo nínú rẹ̀, dà bí ìgbà tí èèyàn fi ọ̀rá lẹ àyà. Ẹ wọ irú ẹ̀ nínú oòrùn oṣù kẹta ní Kabba kí ẹ rí i. Bí gọ́ọ̀mù ò bá dáa, tàbí tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ń kánjú, láti etí ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Kékeré lápá òsì àyà, tàbí àwòrán tó ní àlàfo, ló dáa fún jù.

Monogram, ẹ̀rọ tó ń fi òwú kọ orúkọ, èmi fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Mo mọ̀ pé mo ń ṣojúsàájú. Aṣọ á gbó, orúkọ á ṣì wà níbẹ̀. Fún pólò, fìlà àti táwẹ́ẹ̀lì, kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa sanwó fún ẹni tó sọ àmì yín di fáìlì tí ẹ̀rọ lè kà. Lẹ́yìn ìyẹn, iye abẹ́rẹ́ tí ẹ̀rọ gún ló ń pinnu owó. Kò lè ṣe fọ́tò. Lẹ́tà tí kò ga tó nǹkan bíi mìlímítà 5 máa dì pọ̀, ẹ ò ní lè kà á. Tíṣáàtì tó fẹ́lẹ́ á hunjọ bí kò bá sí gum stay lẹ́yìn rẹ̀. Àmọ́ orúkọ tó tóbi, lórí aṣọ tó nípọn, ẹ lọ sùn.

Ó wá ku ìbéèrè kẹta: kí ló máa gbẹ̀yìn aṣọ náà?

Obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ́dún tó kọjá. Ó jù mí lọ dáadáa, torí náà Àǹtí ni mo ń pè é. Tíṣáàtì funfun kan ló mú wá, ojú ìyá wọn wà lára rẹ̀. Ibòmíràn ni wọ́n ti ṣe é, ó lé ní ọgọ́rùn-ún, fún ìsìnkú màmá náà. Ẹ mọ bí a ṣe ń ṣe ìsìnkú arúgbó ní ilẹ̀ Okun. Àwòrán náà ti sán láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Mo ní, "Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Gọ́ọ̀mù yìí ò dáa ni." Ó ní, "Èyí tó sán kọ́ ló dùn mí. Mo lọ sílé ọ̀rẹ́ mi, mo bá ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó ń fi ojú màmá mi nu ilẹ̀."

Ọ̀rẹ́ yẹn ò ṣe nǹkan burúkú. Tíṣáàtì ẹ̀bùn tó bá gbó, àkísà ló ń dà ní ilé gbogbo wa. Kò sí gọ́ọ̀mù tàbí íǹkì tó lè dí ìyẹn lọ́wọ́. Kódà, ẹ wò ó dáadáa: bí wọ́n bá ti fi sublimation tẹ̀ ẹ́, ojú màmá náà ì bá ṣì mọ́lẹ̀ kedere lára àkísà ọ̀hún. Ìyẹn gan-an ì bá burú jù.

Ìrántí ọdún kan ló kù tí wọ́n fẹ́ ṣe, ó sì fẹ́ mọ èyí tí kò ní sán. Mo lè tà á fún un. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ká gbé ojú ìyá kúrò lára ohun tí èèyàn ń fọ̀, tí èèyàn sì ń sọ nù. Ó ní ṣé ká wá fi sára táwẹ́ẹ̀lì. Mo ní Àǹtí, nínù ni iṣẹ́ táwẹ́ẹ̀lì. Ó ní kàlẹ́ńdà ńkọ́? Mo ní oṣù kìíní ọdún tó ń bọ̀, ẹ máa rí i tí wọ́n fi bo ìwé ọmọ iléèwé. Òun fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín síyẹn. Níkẹyìn, a fi ojú màmá sínú férémù onígíláàsì fún àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a fi sí iwájú ìwé ètò ìsìn, a sì ṣe fìlà fún èrò: orúkọ màmá àti ọdún méjèèjì, òwú funfun lórí fìlà aláwọ̀ aró, monogram. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Àbújá ò gbà rárá. Ó ní àwọn èèyàn máa rò pé owó ló tán. Ó lọ ṣe tíṣáàtì olójú tirẹ̀, ó kó o wá. Ọjọ́ náà, àwọn kan wọ tíṣáàtì, àwọn kan dé fìlà. Mo ṣì ń rí àwọn fìlà yẹn lórí èèyàn ní ọjà.

Àwọn ìyá wa ní Bunu ti ro ọ̀rọ̀ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ DTF. Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wá, Kabba/Bunu, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì fojú kan aṣọ ìpò rí. Aṣọ pupa ni. Òfì tó dúró lóòró ni àwọn obìnrin fi ń hun ún láyé àtijọ́. Wọ́n á tú òwú pupa jáde lára aṣọ òyìnbó, wọ́n á fi hun tiwọn. Ọnà ara rẹ̀, wọn ò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, wọn ò rán an mọ́ ọn. Bí wọ́n ṣe ń hun aṣọ ni wọ́n ń fi òwú mìíràn há ọnà náà sí i. Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọnà náà, ẹ máa tú aṣọ ọ̀hún ni. Ìsìnkú àwọn olóyè ńlá àti eégún ni wọ́n ń lò ó fún, kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń pín fún gbogbo ẹni tó bá yà síbi òde. Elisha Renne, òyìnbó obìnrin tó wá gbé láàárín wọn, kọ ìwé lórí aṣọ Bunu, ó jáde ní 1995. Orúkọ ìwé náà ni Cloth That Does Not Die, aṣọ tí kì í kú.

Èmi ò ní kí ẹni tó ń ta sóbò lọ wá òfì o. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ọgbọ́n yẹn wà lóde òní: lébẹ̀lì tí wọ́n hun orúkọ sí, irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ọrùn aṣọ. Bí ọjà yín bá jẹ́ aṣọ òkè, àdìrẹ tàbí báàgì aláwọ, ẹ má tẹ nǹkan kan sí i lójú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hun lébẹ̀lì fún yín, kí ẹ rán an mọ́ inú rẹ̀. Ó dára lójú ju àmì ńlá tó bo ọnà lọ.

Tí ẹ bá ti yàn, ẹ ṣe nǹkan yìí kí owó tó jáde lọ́wọ́ yín tán. Ẹ má fi àmì ẹgbẹ́ ránṣẹ́ bíi fọ́tò lórí WhatsApp, torí WhatsApp máa fún un pọ̀, etí lẹ́tà á sì dà bíi kòkòrò jẹ ẹ́. Ẹ lọ sí "Document", ẹ fi PNG tó tóbi tàbí fáìlì tí ẹni tó yà á fún yín gan-an ránṣẹ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣe ẹyọ kan ṣoṣo, kí ẹ sanwó ẹyọ yẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ ṣe ń fọ aṣọ nílé yín gan-an, ẹ sá a, ẹ wọ̀ ọ́. Atẹ̀wé tó bá sọ pé òun ò lè ṣe ẹyọ kan fún ẹni tó fẹ́ 200, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ẹ kọ èyí sínú páálí tàbí ọ̀rá aṣọ tí ẹ bá pín, torí ẹnikẹ́ni ò ní bi yín: yí inú rẹ̀ síta kí o tó fọ̀ ọ́, omi tútù ni kí o lò, má da Jik sí i, má sì gbé áyọ́ọ̀nù lé ojú àwòrán.